Omi Tí Ó Mọ́ Ju Mímọ́ Lọ

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ku ìṣẹ́jú méje nígbà tí ọ̀rọ̀ omi àdúgbò náà dàrú. Ẹni tí ó bá sọ pé ó ti dàrú ṣáájú ìgbà náà kò sí níbẹ̀. Ní ìṣẹ́jú náà gan-an ni olùkọ́ kẹ́mísìrì ilé-ẹ̀kọ́ girama, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ti páálí pẹlẹbẹ kan bọ inú ife omi pọ́ǹpù níwájú ìgbìmọ̀ omi àti èrò bí ọgọ́ta, tí ẹ̀rọ kékeré tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì kọ èsì sójú rẹ̀: òdo.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, pọ́ǹpù kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ọwọ́ kan náà, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni ó kọ. Òjé ni ẹ̀rọ náà ń wá nínú omi, òjé tí ojú kò rí, tí ahọ́n kò mọ̀, tí ó ń gba inú ife wọ inú egungun, tí ó sì ń jẹ ọpọlọ ọmọdé díẹ̀díẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà. Bí iye rẹ̀ bá ti ju mẹ́wàá lọ, kí ènìyàn má ṣe fi omi náà kan ẹnu. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi fi àgádágodo ti pọ́ǹpù ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú náà, tí àwọn ìdílé tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ́ẹ̀gì rin ọ̀nà jíjìn.

Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni ó to ẹ̀rọ náà pọ̀. Kò tóbi ju ike ọṣẹ lọ. Atọ́miwò ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè é. Owó tí ó ná an kò tó owó bàtà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta dáhùn ohun tí ẹ̀rọ ńlá ìjọba, tí ó fẹ̀ tó tábìlì, ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wádìí. Nísinsìnyí òdo ni ó wí. Kí olùkọ́ lè fi hàn pé ara Atọ́miwò le, ó fún un ní omi òjò. Ẹ̀rọ náà kọ nọ́ńbà kan tí kò ní orí tí kò ní ìdí, iná rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú pákápáká.

"Ẹ̀rọ tíṣà ti ya wèrè o," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ bá a wá dókítà."

Ẹ̀rín sọ. Alága ìgbìmọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Púlọ́ńbà ni Alága. Òun ni ó ri páìpù pọ́ǹpù náà mọ́lẹ̀, òun sì ni àbúrò ìyá olùkọ́. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ọmọ mi, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ni kì í ṣàṣìṣe. Lọ sinmi."

Kí ọjọ́ tó kanrí, ìgbìmọ̀ ti pinnu ohun méjì. Ìkíní ni pé a óò ṣí pọ́ǹpù ní Ọjọ́bọ̀, aago méjìlá ọ̀sán. Èkejì ni pé a óò fi ẹjọ́ olùkọ́ sun ọlọ́pàá, pé ó fi irọ́ dá ìpayà sílẹ̀ láàrin ìlú.

*

"Gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu tíṣà yẹn," ni ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá wí ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó sì ti fáìlì kan kọjá orí tábìlì. "Jẹ́ kó fọwọ́ sí i. Kó tó di ọ̀sán ọ̀la, mi ò fẹ́ rí fáìlì yìí mọ́."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí ó gba fáìlì náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sanra díẹ̀, ó sì máa ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Pẹ̀lẹ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé "pẹ̀lẹ́" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó máa ń sọ fún afurasí, òun náà sì ni ó máa ń sọ nígbà tí ó bá ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó ka ìwé ẹ̀sùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó ń rùn sí i níbẹ̀ kò tíì ní orúkọ.

Ó bá olùkọ́ ní yàrá ìwádìí ilé-ẹ̀kọ́ náà, láàrin àwọn tábìlì tí ásíìdì ti jẹ ojú wọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà."

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ṣé ẹ wá mú mi ni?"

"Mo wá kẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣé iwájú ni kí n jókòó sí àbí ẹ̀yìn?"

Olùkọ́ wò ó bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. "Iwájú," ni ó wí. "Àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn máa ń sùn."

Pẹ̀lẹ́ jókòó síwájú. Olùkọ́ gbé Atọ́miwò kalẹ̀. "Omi méjì ló máa ń tọ́ wò. Omi mímọ́ la kọ́kọ́ máa ń fún un, omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gba oru rẹ̀ sínú igò, tí kò ní nǹkankan nínú. Ẹ̀rọ á ní, 'Ó yé mi, òdo nìyí.' Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá fún un ní omi tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Iye tó bá fi ju ti àkọ́kọ́ lọ ló máa kọ."

"Ṣé ó máa ń rántí ohun tó bá kọ?"

"Ogójì èsì." Ó tẹ bọ́tìnì. "Pọ́ǹpù, òdo. Omi òjò…" Ó tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ náà.

"Kí ló dé?"

"Ó fi méjìlélọ́gọ́ta dín sí òdo. Mi ò wò ó dáadáa lánàá. Ojú ń tì mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

Pẹ̀lẹ́ fi ìka tẹ ètè. "Ẹ dákun, Tíṣà, omi wo ló lè mọ́ ju omi tí kò ní nǹkankan nínú lọ?"

Pẹ̀lẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ilé. "Ìyàwó mi ní òṣùwọ̀n kan nílé ìdáná. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ mi sínú àwo rẹ̀. Kò rí i, ó yí ọwọ́ òṣùwọ̀n sí òdo. Nígbà tí mo mú kọ́kọ́rọ́ mi, ọwọ́ òṣùwọ̀n ṣubú kọjá òdo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọmọrogùn lé mi jáde. Àwo yẹn ò fúyẹ́ ju òfìfo lọ, Tíṣà. Òdo ni mo bà jẹ́."

Olùkọ́ dìde dúró wàrà. Ó ṣí àpótí ara ògiri, ó mú igò ike funfun kan jáde, ó gbé e sókè síhà fèrèsé. Omi inú rẹ̀ mọ́ lójú bí dígí. "Òjé ló wà nínú omi mímọ́ mi," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ìyẹn ni ò jẹ́ kó rí ti pọ́ǹpù."

"Iye kan náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá, méjìlélọ́gọ́ta báyìí. Ẹni tó ṣe é ò wá òjé lọ síbòmíràn. Omi pọ́ǹpù náà ló bù sínú igò yìí."

Ó gba igò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí ìdérí rẹ̀. Ohun funfun kan, tí ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, wé mọ́ ọrùn igò náà ní ìká mẹ́ta lábẹ́ ìdérí.

"Ẹ̀yin lẹ wé èyí?"

"Rárá. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó jẹ́."

Pẹ̀lẹ́ tú u pẹ̀lú èékánná, ó ká a sínú bébà, ó tì í bọ àpò. "Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí?"

"Èmi àti olùtọ́jú yàrá."

"Ìgbà wo lẹ lo igò yìí kẹ́yìn kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

Ó lọ́ra díẹ̀. Pẹ̀lẹ́ rí i. "Lọ́jọ́ Ẹtì," ni ó wí.

Irọ́ ni, tàbí ìdajì òótọ́. Pẹ̀lẹ́ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni tí ó fi ìwọ̀ sílẹ̀ nínú odò. "Ẹ ti yẹ omi ilé ẹ̀yin fúnra yín wò?"

"Ilé wa? Àbúrò màmá mi, Bàbá Kékeré, ló ṣe páìpù ilé wa. Mi ò ro ibẹ̀ sí nǹkankan." Ó rẹ́rìn-ín kékeré. "Ife ló ń jẹ́ ìṣòro ilé wa. Ó ti tó ọdún kan tí ọwọ́ màmá mi ti ń gbọ̀n. Kò sí ife tí kò tíì fọ́ tán."

Bí wọ́n bá fẹ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ kí àgádágodo tó ṣí, wọ́n nílò omi mímọ́ tuntun. Ti ilé-ẹ̀kọ́ kò ní í dé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

"Ta tún ló ní irú omi yẹn ládùúgbò yìí?" ni Pẹ̀lẹ́ bi í.

Olùkọ́ wo ilẹ̀. "Bàbá Bátìrì. Òun náà ni wọ́n máa ń bù sínú bátìrì mọ́tò."

"Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń nàka sí pé òun ló ń da òjé sómi?"

"Òun náà ni."

*

Bàbá Bátìrì jókòó sórí bátìrì, ó gbé ẹsẹ̀ lé bátìrì, ó sì gbé ife tíì rẹ̀ ka orí bátìrì. Wọ́n tò ó jọ yí i ká bí bíríkì, dúdú, pẹ̀lú eruku funfun ní ẹnu wọn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ahọ́n rẹ̀ ṣì mú bí abẹ.

"Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́? Orúkọ ajá nìyẹn."

"Ajá tó mọ òórùn ni, bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ohun tí o bá gbóòórùn rẹ̀ níbí, iṣẹ́ mi ni. Ogójì ọdún ni mo fi ń yọ́ òjé. Àgbàrá ilé mi ò ṣàn lọ sọ́dọ̀ pọ́ǹpù yín. Òkè ni pọ́ǹpù wà, ìsàlẹ̀ lèmi wà. Ṣé omi ti ń gun òkè ni?"

Òótọ́ ni. Pẹ̀lẹ́ ti fi ojú ara rẹ̀ rí i bí ó ti ń bọ̀. "Wọ́n rí yín lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ajé."

"Ẹni tó rí mi ò fọ́jú."

"Kí lẹ wá ṣe níbẹ̀?"

"Mo lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò."

Pẹ̀lẹ́ dúró. Ó mọ bí a ṣe ń dúró. Ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó wò yíká, ó sì rí bàtà kékeré méjì lẹ́nu ọ̀nà inú ilé, tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Ọmọ ta ló ni bàtà yẹn?"

Ojú àgbà náà rọ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀, ó fa bébà kan tí a ká ní mẹ́rin jáde. "Ọmọ ọmọ mi. Ọmọ ọdún méjì. Wọ́n ní òjé máa ń pa ọpọlọ ọmọdé. Mo bu omi kànga mi, mo gbé e lọ bá tíṣà. Mo ní kó má sọ fún ẹnì kankan. Tí wọ́n bá gbọ́ pé èmi alára ń bẹ̀rù omi mi, ṣé wọ́n á tún jẹ́ kí n dúró ládùúgbò yìí?"

Pẹ̀lẹ́ tú bébà náà. Ọwọ́ olùkọ́ ni ó kọ ọ́: *Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Kànga. Mẹ́ta.*

Ó kà á, ó tún un kà, ẹ̀rín sì yọ sí i lẹ́nu fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ìlérí ni olùkọ́ ń pa mọ́. Nǹkan mìíràn sì tún wà nínú bébà náà. Ẹ̀rọ tí òdo rẹ̀ ti bàjẹ́ kò lè kọ mẹ́ta fún omi tí ó dára. Ìsàlẹ̀ òdo ni ì bá já sí, bí ti omi òjò. Ó já sí pé ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Ajé, omi inú igò náà ṣì mọ́.

"Nígbà tí ẹ kúrò níbẹ̀, ta ló sìn yín jáde?"

"Tíṣà fúnra rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sìn mí dé géètì, ó ní òun ń lọ kọ́ àwọn ọmọ."

"Bàbá, bébà yìí ti yọ yín. Ẹ fún mi ní igò omi bátìrì kan."

Àgbà náà wò ó títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ayé. Òṣìkà àdúgbò ni wọ́n wá bẹ̀ fún omi mímọ́."

*

Olùtọ́jú yàrá ìwádìí náà so kọ́kọ́rọ́ tí ó pọ̀ bí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ìdí, ó sì ń dún wọnranwọnran bí ó ti ń mì ẹsẹ̀. Ó ń làágùn nínú yàrá tí kò móoru.

"Ta ló wọ yàrá yìí lẹ́yìn aago mẹ́wàá ọjọ́ Ajé?" ni Pẹ̀lẹ́ bi í.

"Àlejò kankan ò wọlé, ọ̀gá. Mo lè búra."

"Ta ló wọ ibí yìí?"

"Mo ní kò sí àlejò kankan…"

"Pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bi ọ́ nípa ènìyàn, ẹ̀ẹ̀mejì lo sì ti fún mi ní àlejò. Ta ló wọlé tí kì í ṣe àlejò?"

Kọ́kọ́rọ́ dákẹ́ dídún. "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ẹbí kì í ṣe àlejò, ọ̀gá. Alága ni. Ẹnu ẹ̀rọ omi ibi ìfọwọ́ ti ń jò láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní òun fẹ́ bá ọmọ òun tún un ṣe, láìgba nǹkankan. Tíṣà wà ní kíláàsì. Mo ṣílẹ̀kùn fún un, mo lọ mu tíì."

"Tíì yẹn pẹ́?"

"Mo… mo fi orí lé tábìlì díẹ̀."

"Òun lo ṣe ń làágùn?"

"Tí ọ̀gá àgbà bá gbọ́ pé mo sùn lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn."

Pẹ̀lẹ́ ti rìn lọ sí ibi ìfọwọ́. Ẹnu ẹ̀rọ náà kò jò mọ́ lóòótọ́. Iṣẹ́ tí ó mọ́ ni. Ní ibi tí irin ti wọ inú irin, etí ohun funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yọ jáde. Pẹ̀lẹ́ tú bébà inú àpò rẹ̀, ó gbé èyí tí ó wà nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó wà lára irin. Wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì: téèpù tí àwọn púlọ́ńbà máa ń wé mọ́ ẹnu páìpù kí ó má baà jò.

Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ti rí ohun tí ó ń wá, ó sì wù ú kí ó jẹ́ pé òun ni ó ṣàṣìṣe.

*

Ní ìrọ̀lẹ́, ó gba ṣọ́ọ̀bù Alága kọjá pẹ̀lú báàgì tí ìdí rẹ̀ tutù.

"Alága, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ gbà mí. Igò omi mi ń jò sórí gbogbo fáìlì ìjọba."

"Gbé e wá." Alága gba igò náà láìgbójú sókè. Ó ń tún sípánà kan ṣe. "Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ńkọ́? Ẹ máà jẹ́ kí wọ́n tì í mọ́lé. Ọpọlọ rẹ̀ pé. Ẹ̀rọ ló tàn án jẹ."

"Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ bá a lẹ ẹ̀rọ náà pọ̀."

"Irin gbígbóná mi yìí ni." Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò, ó ti fa ìdì téèpù funfun kan jáde, ó ti fi ẹnu téèpù lé ọrùn igò. "Àdúrà ló ń gbà lé e lórí bí mo ṣe ń jó o. Ọmọ tó dáa ni." Ìká kan. "Mo ní kó tó wọn ohunkóhun, kó kọ́kọ́ wá òdo rẹ̀." Ìká méjì. "Ìmọ̀ràn tí ọ̀gá mi fún mi nìyẹn." Ìká mẹ́ta. Ó fi eyín já a, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó yí ìdérí pa.

Nígbà náà ni ó rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe.

Pẹ̀lẹ́ gba igò náà, ó sì gbé e kalẹ̀ láàrin wọn. "Ọwọ́ tó ti mọṣẹ́ kì í béèrè lọ́wọ́ orí," ni ó wí. "Ẹ gbé omi pọ́ǹpù wá sí yàrá ìwádìí nínú àpò irinṣẹ́ yín, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo wà lọ́wọ́ yín. Ẹ da omi mímọ́ nù, ẹ bu ti pọ́ǹpù sí i. Ẹ ti mọ̀ pé òdo ni gbogbo ẹ̀rọ náà gbẹ́kẹ̀ lé. Gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ ò kàn lè fi ẹnu igò sílẹ̀ kó máa jò."

"Téèpù wà nílé gbogbo èèyàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lábẹ́ tábìlì, àwọn ègé páìpù kan tí àwọ̀ wọn rí bí eérú tò jọ. Ó fi èékánná ha ọ̀kan. Ó rọ̀, ibi tí ó ha náà sì ń dán bí fàdákà. "Òjé," ni ó wí. "Bàbá Bátìrì á mọ̀ ọ́n láti òkèèrè."

Alága jókòó. Fún ìgbà díẹ̀ ó dà bí ẹni tí ó fẹ́ sọ òtítọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ara ilé ìwòsàn àtijọ́ kan tí wọ́n wó ni mo ti yọ wọ́n. Ọ̀gá mi lò ó, ọ̀gá ọ̀gá mi náà lò ó. Ọ̀dá dá nígbà yẹn, ọ̀gá. Àwọn ìyálọ́mọ ń wá sunkún omi lẹ́nu ọ̀nà mi, páìpù tuntun ò sì dé. Mo fẹ́ kí omi jáde ni."

"Omi sì jáde. Ṣé pọ́ǹpù nìkan lẹ lò ó sí?"

Ìbéèrè náà ni ó tì í padà sínú ara rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ rí bí ojú rẹ̀ ti kú bí fìtílà. "Pọ́ǹpù nìkan ni," ni Alága wí. "Àfi tẹ́nìkan bá fojú rí mi pẹ̀lú igò yẹn, ẹ ò ní ẹ̀rí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aago méjìlá ọ̀la, màá ṣí pọ́ǹpù. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

*

Ní Ọjọ́bọ̀, èrò ti tò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti garawa kí aago tó lu mọ́kànlá. Ojú wọn ń fò láti orí Bàbá Bátìrì, tí ó fi ẹ̀yìn ti igi, lọ sórí olùtọ́jú yàrá, padà sórí olùkọ́. Kò sí ẹni tí ó gba ẹnìkejì gbọ́ níbẹ̀. Alága dúró ti pọ́ǹpù pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Olùkọ́ gbé tábìlì kékeré kan kalẹ̀.

"Omi Bàbá Bátìrì ni mo fi ṣe òdo lónìí," ni ó wí.

Èrò kùn. "Omi òjé," ni ẹnì kan wí.

"Òun ni mo ṣe máa bi omi òjò léèrè," ni olùkọ́ fèsì. "Òkè ni òjò ti wá, ìsàlẹ̀ ni bàbá yìí ń gbé. Àwọn méjèèjì ò pàdé rí. Tí ẹlẹ́rìí méjì tí ò mọ ara wọn bá sọ ohun kan náà, kí lẹ máa sọ?"

Ó ti páálí pẹlẹbẹ bọ omi òjò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Òdo. Ó ti òmíràn bọ omi tí ó ti wà nínú igò funfun: mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó wá bọ́ sórí omi pọ́ǹpù tí Pẹ̀lẹ́ bù lójú gbogbo ènìyàn: márùndínláàádọ́rin.

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ìyálọ́mọ kan tí ó wà níwájú dojú garawa rẹ̀ délẹ̀, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Alága dá kọ́kọ́rọ́ padà sínú àpò.

*

Nínú ọ́fíìsì ìgbìmọ̀, àwọn mẹ́ta nìkan ni wọ́n jókòó: Pẹ̀lẹ́, Alága, àti olùkọ́. Pẹ̀lẹ́ tẹ́ bébà kan sórí tábìlì, ó gbé ègé téèpù méjì, ti igò olùkọ́ àti ti igò tirẹ̀, sórí rẹ̀, ó sì gbé bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Tíṣà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Téèpù tó wà lọ́rùn igò yín, ṣé ẹ̀yin lẹ wé e, àbí ẹ̀yin kọ́? Ohun tí ẹ bá kọ ni kóòtù máa kà. Tí ẹ bá ní ẹ̀yin ni, àṣìṣe yàrá ìwádìí ni, fáìlì ti pa dé."

Alága kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Sọ pé ìwọ lo wé e, ọmọ mi. Pọ́ǹpù ti wà ní títì. Màá wú páìpù yẹn kúrò, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Wọ́n á ní o ṣì í ni. Wọ́n máa ń dárí ji tíṣà. Ta ló máa dárí ji púlọ́ńbà?"

Olùkọ́ ń wo téèpù náà.

"Èmi ni mo mú ọ lọ́wọ́ lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ni Alága wí. "Nígbà tí bàbá rẹ kú, ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá Kékeré."

"Ṣé mo ṣe ọ́ níbi rí?"

"Rárá, sà." Ó gbójú sókè. "Ilé mélòó?"

"Kí ni ilé mélòó?"

"Páìpù yẹn. Ẹ máà purọ́ fún mi. Ilé mélòó lẹ rì í sí?"

Alága wo àjà, ó wo fèrèsé, ó wo Pẹ̀lẹ́, ẹni tí kò ràn án lọ́wọ́. "Mọ́kànlélógún," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

"Ti Màmá ńkọ́?"

Alága fi ọwọ́ bo ojú. Olùkọ́ sì rí ife tí ó ń já bọ́, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, fún odindi ọdún kan. Ó rí ìyá rẹ̀ tí ó ń fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ kìíní mú kí ó lè gbé omi dé ẹnu. Ẹ̀gbọ́n Alága ni ìyá náà, ọmọ ìyá kan náà.

Pẹ̀lẹ́ ti pa ẹnu mọ́ níwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò tíì pa á mọ́ pẹ̀lú agbára tó báyìí rí. Ó mọ̀ pé bí olùkọ́ bá gba ẹ̀bi náà, ilé mọ́kànlélógún yóò máa mu òjé lọ láìmọ̀, nítorí àṣìṣe yàrá ìwádìí kì í wú páìpù ilé ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé olùkọ́ náà mọ̀.

Olùkọ́ mú bírò. Ó kọ̀wé láìyára, bí ẹni tí ń kọ ọ́ sójú pátákó kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn lè rí i: *Èmi kọ́ ni mo wé téèpù yìí. Àbúrò ìyá mi ni.* Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì. Ó wá fa bébà mìíràn tí kò ní àkọlé, ó tì í síwájú Alága pẹ̀lú bírò kan náà.

"Ẹ kọ orúkọ àwọn ilé náà síbí, Bàbá Kékeré, mọ́kànlélógún," ni ó wí. Ó dìde, ó ti Atọ́miwò bọ àpò, ó sì gbé sípánà ńlá Alága kúrò lórí àga. "Ẹ fi ilé Màmá ṣe àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni mò ń lọ báyìí."